Òpó Aláṣọ Pupa Tí Mo Sunkún Sí Lẹ́sẹ̀

Jókòó síbẹ̀! Mo ní kí o jókòó síbẹ̀, Tamihana, kí n tó fi ẹ̀yìn àáké yìí bá ẹ lórúnkún! Tí o bá tún sún sẹ́yìn báyìí, mo fi egungun bàbá mi tó wà lórí òkè yẹn búra, wọ́n á gbé ẹ dé kóòtù lónìí ni, o ò ní fẹsẹ̀ ara ẹ rìn débẹ̀. Má wo Paratene. Ọkọ mi ò ní gbà ẹ́ sílẹ̀. Òun ló ń ṣọ́ ọ̀nà fún mi, tí ọlọ́pàá bá ń bọ̀ á súfèé, òun náà ló sì pọ́n àáké yìí fún mi láàárọ̀, ó pọ́n ọn títí tó fi ń dán.

Kọ́là ẹ ti ya? Kó ya! Àwọn tó rán ẹ̀wù òyìnbó yẹn fún ẹ á rán òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú ẹ? Kó dà! Ìyẹn ni o kà sí ẹ̀jẹ̀? Dúró ná, màá fi ẹ̀jẹ̀ hàn ẹ́ lónìí. Má pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Èmi Kararaina kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ mọ́ láti àná. Ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ, bẹ́ẹ̀ ni, nígbà tí ìyá ẹ kú ọmú ìyá mi lo mu, ẹ̀yìn mi lo sùn sí, èmi ni mo ń gé eékánná ẹ, kí ni gbogbo ìyẹn wá já sí? Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti jù ẹ́ sódò nígbà tí o ò tí ì ní eyín!

Gbójú sókè. Wo iwájú ẹ. Mo ní kí o wò ó! Kí lò ń rí? Òpó ni àbí kì í ṣe òpó? Òpó gígùn tó dúró ṣánṣán létí odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ẹja wa, tí aṣọ pupa so mọ́ lórí. Aṣọ náà ti ṣá, ó ti gbó, síbẹ̀ pupa ni. Ta ló rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀? Sọ ọ́ jáde kí odò gbọ́. Ẹnu tó ń dá geere níwájú adájọ́ lánàá, ṣé ó ti yadi ni?

Kò burú. Má sọ. Èmi á sọ ọ́, ìwọ máa gbọ́, tí mo bá sì ṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sọ kí o dá mi lẹ́kun.

Ọmọ mi kú sínú odò yìí. Hakaraia. Àkọ́bí mi, tó ga ju bàbá ẹ̀ lọ, tó máa ń gbé ẹ lé èjìká tí ẹ bá ń ṣeré. Ó wọ omi lọ tún ọgbà ẹja ṣe kí ìgèrè má baà bá omi lọ, omi kún, igi ńlá kan já wá látòkè, ó gbá a. Ìyẹn ni. Ọmọ tó jẹun lọ́wọ́ mi láàárọ̀. A wá a, a wá a, gbogbo ìlú wọ inú omi, a fi ọwọ́ tú abẹ́ gbogbo àpáta, ìwọ gan-an wà níbẹ̀, o ń wá a, o ń sunkún. Ṣé irọ́ ni ẹkún yẹn náà? Dáhùn! Kì í ṣe irọ́? Mo mọ̀ pé kì í ṣe irọ́, ohun tó ń dùn mí nìyẹn, Tamihana, pé ojúlówó ẹkún lo sun! A ò rí i. Títí di òní tí a wà yìí a ò rí egungun ìka ọmọ mi kan.

Ní ọjọ́ kejì, kí oòrùn tó yọ, mo wá síbí. Mo bá òpó yìí níbí. Kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òpó gíga, aṣọ pupa lórí. Kí ni kí èmi rò? Ìwọ ọmọ ilẹ̀ yìí, kí ni ìwọ náà ì bá rò? Tí odò bá gbé ènìyàn, ṣé a kì í fi ààlè lé odò ni? Ṣé kì í ṣe òpó la máa ń rì? Ṣé kì í ṣe pupa la fi ń sọ pé má fọwọ́ kàn án, má jẹ ẹ́, má mu ún? Ta ló fẹ́ jẹ ẹja tó ṣeé ṣe kó ti jẹ ojú ọmọ ẹ̀? Ọ̀dọ̀ Bàbá Tareha ni ọkàn mi lọ. Òun ló ń pààlè fún wa, bàbá ẹ̀ ló ń pa á kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Àìsàn ti dá a gúnlẹ̀ lásìkò yẹn, mo ní á jẹ́ pé ó rán ènìyàn wá, mo ní Ọlọ́run á bù kún un, ó rántí ọmọ mi lórí àìsàn.

Awọnlẹ̀? Ta ló ń ronú kan awọnlẹ̀? Ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún la mọ̀ pé wọ́n wà, tí wọ́n ń wọn ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Èèkàn kúkúrú tí wọ́n kọ nǹkan sí lára la gbọ́ pé wọ́n ń kàn mọ́lẹ̀. Ta ló sọ fún wa pé wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ wá? Ta ló mọ̀ pé òyìnbó a máa rì òpó gíga, á so aṣọ pupa mọ́ ọn, kó lè máa fi ojú kan wò ó láti orí òkè nínú ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ẹ̀ yẹn? Ta ló mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wa? Ìwọ! Ìwọ nìkan! Ìwọ tí o ti ń bá wọn fa ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ kiri láti oṣù tó ṣáájú, tí o ní igi lo ń gé fún wọn.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Ibi tí mo ń tọ́ka sí yẹn. Mo dé ewé kawakawa sórí bí ọlọ́fọ̀ ṣe ń dé e, mo di ìdí òpó yẹn mú, mo pe ọmọ mi. Mo mú àfọ́kù òkúta, mo fi ya àyà mi. Wò ó! Má gbójú kúrò, èmi ló tọ́ ẹ dàgbà, wo àpá! Èyí, àti èyí, àti èyí tó gùn jù yìí. Ẹ̀jẹ̀ mi dà sára igi yẹn, ó ṣàn wọlẹ̀. Ìwọ wà nínú igbó lọ́hùn-ún, o ń wò mí. Ta ló sọ fún mi? Ẹnu ara ẹ ló sọ ọ́, lánàá, nígbà tí mo kọ́kọ́ fún ẹ lọ́rùn, o ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí yín lọ́jọ́ yẹn, ojú ló ń tì mí láti sọ fún yín.” Ojú ń tì ọ́! Mo ń ta ẹ̀jẹ̀ ara mi sílẹ̀ fún igi òyìnbó, ojú ń tì ọ́! Orí ẹ nínú ìkòkò, Tamihana! Kí wọ́n se orí ẹ, kí wọ́n fi ata sí i, kí ajá kọ̀ ọ́!

Ó dùn ẹ́? Ó yẹ kó dùn ẹ́. Ènìyàn kì í sọ irú ẹ̀ sí ọmọ ìyá ẹ̀. Mo tún un sọ: orí ẹ nínú ìkòkò!

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ṣé o rántí ìgbà tí ẹja ejò sọ̀ kalẹ̀ lọ sókun lọ́dún yẹn? Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, òṣùpá ò sí, odò dúdú, ẹja ń lọ gbìrìgbìrì, wọ́n tóbi bí apá mi yìí, ọ̀rá lásán, a sì ń gbóhùn wọn nínú omi. Ta ló lọ síbẹ̀? Kò sẹ́ni tó lọ. A káwọ́ lẹ́yìn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀dùnkún lásán làwọn ọmọdé ń jẹ, ọ̀dùnkún láàárọ̀, ọ̀dùnkún lálẹ́. Àlejò dé láti ọ̀nà jíjìn wá bá mi sunkún ọmọ, ọ̀dùnkún àti ewébẹ̀ ni mo gbé síwájú wọn, èmi, ọmọ odò Mangaroto yìí! Àlejò tó jẹ́ pé ẹja ejò yíyan ló ń rò bọ̀ láti ilé! Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n yojú wo òpó, wọ́n mi orí, ojú sì tì mí títí mo fẹ́ wọ ilẹ̀ lọ.

Kí ló dé tá ò fi tú ààlè? Ìwọ lò ń bi mí? Ìwọ? Ta ní í tú ààlè tí kì í ṣe òun ló pa á? Ẹni tó rì í ló máa fà á tu! Èmi ń retí Bàbá Tareha. Mo ní bàbá mọ ìgbà tó yẹ, á ti mọ̀ pé a ò tí ì rí òkú ọmọ náà. Bàbá Tareha ní tiẹ̀ ń retí àwọn ènìyàn ọkọ mi! Ó rò pé àwọn ará Paratene ló sọ̀ kalẹ̀ látòkè odò wá rì í fún ẹ̀jẹ̀ wọn. Ó dùn ún díẹ̀ pé wọn ò kọ́kọ́ wí fún òun, ṣùgbọ́n ta ló máa lọ bi ìyá ọlọ́fọ̀ pé jọ̀ọ́, ta ló pààlè fún ọmọ ẹ tó kú? Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wo ara wa, tá à ń bọ̀wọ̀ fún ara wa, tí ebi ń pa wá, tí ẹja ń kọjá lọ!

Nígbà tí bàbá ń kú lọ, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Kararaina, sọ fún àwọn ará ọkọ ẹ kí wọ́n wá tú ààlè wọn, ẹja ejò ni ọkàn mi ń fẹ́.” Mo ní ibà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ibà! Mo fi omi ra á lójú, mo ní ẹ sinmi, Bàbá, ẹ sinmi. Mo rán ènìyàn lọ tọrọ ẹja lódò àwọn ẹlòmíràn, kí wọ́n tó mú un dé bàbá ti lọ. Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu jù lọ tẹ́nikẹ́ni sọ nílùú yìí láti ọdún méjì, mo pè é ní ibà, nítorí pé ìwọ, ìwọ tó jókòó lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó gbọ́ ọ, o pa ẹnu dé! O gbọ́ ọ, Tamihana! O yọ́ dìde, o lọ síta, o ní èéfín ń ta ẹ́ lójú!

Kí ni? Má sọ̀rọ̀ sínú, sọ ọ́ síta. O ní òyìnbó yẹn ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé tá a bá mọ̀ a máa fà á tu bí àwọn ará ibòmíràn ṣe fà á tu? Ẹ̀n-hẹ́n. Ó dáa bẹ́ẹ̀. A ì bá fà á tu! A ì bá fi dáná! Kí ni ó wá ṣèlérí fún ẹ? Igun wo ni wọ́n ní wọ́n máa gé fún ẹ nígbà tí wọ́n bá ti gé e tán fún àwọn òyìnbó tó ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi? Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú? Ibi tí a sin ìwọ́ ẹ sí? Ó mà dáa o. Wọ́n á fún ẹ ní ibi tí ìwọ́ ẹ wà, wọ́n á sì fi wáyà yí i ká, ìwọ àti àgùntàn ẹ á máa wo ojú ara yín.

Àná wá ni. Háà, àná! Wọ́n kó kóòtù ilẹ̀ wá sínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, adájọ́ jókòó síbi tí wọ́n ti ń ka Bíbélì, wọ́n pe ìwọ. O ti fi omi tẹ́ irun ẹ. Adájọ́ ní, ǹjẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń dẹ ìgèrè sódò yìí? O ní rárá. Ó ní, ṣé o rí èéfín iná wọn níbẹ̀ ní ọdún méjì yìí? O ní rárá. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ńkọ́? O ní koríko ti bò ó. Ọgbà ẹja ńkọ́? O ní ó ti jẹrà. Gbogbo ẹ̀ òtítọ́! O ò pa irọ́ kan! Èmi tí mo jókòó níbẹ̀ ń dúró kí o sọ ìyókù, mo ń sọ lọ́kàn mi pé ó ń bọ̀, á sọ fún wọn nípa Hakaraia, á sọ pé ààlè ló wà níbẹ̀, ọmọ mi ni. O kí adájọ́, o lọ jókòó! Wọ́n wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ tí kò ní olùlò ni, ilẹ̀ òfìfo, kí wọ́n ṣí i sílẹ̀ fáwọn tó máa lò ó. Òfìfo! Odò tí ọmọ mi wà nínú ẹ̀!

Òyìnbó awọnlẹ̀ yẹn wá dìde, Misita Dunstan, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ìka lé àwòrán ilẹ̀ ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ yìn wá. Ó ní níbòmíràn wọ́n ń fa òpó òun tu, ṣùgbọ́n níbí, òpó tí òun rì sétí odò láti ọdún méjì sẹ́yìn dúró bí òun ṣe fi í sílẹ̀, aṣọ pupa ṣì wà lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, pé a jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó ń yìn wá! Ìwọ ló ń túmọ̀ ẹ̀ fún wa, Tamihana! Ẹnu ẹ ni mo ti gbọ́ ọ! Nígbà tí o dé orí “aṣọ pupa”, ohùn ẹ wọlẹ̀, o bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ẹ. Mo wò ẹ́. Mo rí ara mi lórí ìkúnlẹ̀, mo rí ẹ̀jẹ̀ mi lára igi, mo gbóhùn Bàbá Tareha.

N kò mọ bí mo ṣe dé ìta. Wọ́n ní mo fò ga ju àga lọ. Mo rí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ẹ̀ níbi tó gbé e sí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé àáké igi ìdáná, mo gé ẹsẹ̀ kan, mo gé èkejì, mo gé ẹ̀kẹta, mo wá fi òkúta fọ́ ojú ẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹni tó ṣe é, èmi ni, kí wọ́n wá. Ká ní òyìnbó yẹn ò tètè ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ojú tirẹ̀ ni mo fẹ́ fọ́. Ojú tirẹ̀ ni, mi ò parọ́.

Agogo ṣọ́ọ̀ṣì máa lù láìpẹ́, adájọ́ á jókòó, á sì dá a tán lónìí. Ohun tí o máa ṣe nìyí. Dìde. Mo ní dìde! Gba àáké. Má bẹ̀rù, mo ń fún ẹ ni, tí mo bá fẹ́ pa ẹ́ mi ò ní yá ẹ ní àáké. Lọ síbẹ̀. Gé òpó yẹn lulẹ̀, tàbí kí o fà á tu, èyí tó bá wù ẹ́, gbé e lé èjìká, a jọ máa gbé e lọ síwájú adájọ́ náà, ìwọ á sọ fún un lédè ẹ̀ pé, “Ohun tí a fi tàn wọ́n jẹ nìyí.” Lọ!

Lọ ná. Ó ku díẹ̀. Kí ló dé tí o dúró? Fi ọwọ́ gbá a mú.

Mo ní gbá a mú! Ṣé kì í ṣe igi lásán ni? Ìwọ ló gbé e lé èjìká sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè! Ìwọ ló so aṣọ náà, àbí kì í ṣe ìwọ? Igi òyìnbó ni, o mọ̀ ọ́n dájú, ìwọ nìkan ló mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yìí wá. Fọwọ́ kàn án báyìí. Ìka kan péré.

O fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Tamihana. O ò fọwọ́ kàn án o! O ti ju àáké sílẹ̀! Kí lò ń sọ? Sọ ọ́ sókè kí Paratene gbọ́. “Ẹ̀jẹ̀ yín wà lára ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi, orúkọ Hakaraia wà lára ẹ̀, mi ò lè fọwọ́ kàn án, màá kú.”

Hà! Hàhàhà! Ẹ gbà mí o! Paratene, o gbọ́ ọ? Ó ní òun máa kú! Igi tó gbé wá fúnra ẹ̀! Hàhàhà! Ìyá mi o! Ó wọ ẹ̀wù òyìnbó, ó wọ bàtà, ó mọ èdè adájọ́, kò lè fọwọ́ kan igi! Ẹ̀gbẹ́ mi, ẹ̀rín fẹ́ pa mí! Láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti kú mi ò tí ì rẹ́rìn-ín, ìwọ olóríburúkú yìí lo pa mí lẹ́rìn-ín!

Dákẹ́, má sunkún. Gbọ́ bí mo ṣe wí. Ààlè ni, nígbà náà. Òyìnbó ló rì í, ṣùgbọ́n àwa la sọ ọ́ di ààlè, ebi wa ló sọ ọ́ di ààlè, ẹnu ẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí sí i. Ta ní í pààlè sí odò tí kì í ṣe tiẹ̀? Ta ní í fi ebi pa ara ẹ̀ fún ọdún méjì lórí ẹja ẹlẹ́ja? Olùlò la jẹ́! A ń lò ó fún ọmọ mi! Ohun tí o máa lọ sọ fún adájọ́ nìyẹn.

O gbọ́ agogo? Ó ti ń lù. Fi òpó sílẹ̀ níbi tó wà, ọmọ mi ṣì wà nínú omi. Nu imú ẹ. Wàá dúró níwájú wọn, wàá na ọwọ́ tí kò lè kan òpó yẹn síta kí adájọ́ rí i, wàá ní, “Mo mọ ẹni tó rì í, mi ò sì lè fà á tu,” wàá sì sọ ìdí ẹ̀ fún un, láti orí ọmọ mi dé orí Bàbá Tareha. Ó yá, bọ́ síwájú. Gbé àáké yẹn fún mi. Mo ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ.